Koríko Tí Kò Dé Ẹnu Òwú

Ojú òsì Òwú tún ti lẹ̀ pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọbìnrin tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Tẹlẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú àgò Òwú, ehoro rẹ̀, ó ti wọ aṣọ ilé-ìwé tán, ó ń fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ipin tí ó ti gan mọ́ ìpéǹpéjú ẹran náà. Bí ó ti ń nù ún ni omi funfun mìíràn ń sun jáde ní igun ojú. Òwú kò janpata rárá. Ó kàn jókòó gẹlẹtẹ bí ẹni tí ayé ti sú.

Ìgbà náà ni Tẹlẹ̀ rí i. Ìdì koríko tútù kan wà ní kọ̀rọ̀ àgò, ìrì ṣì wà lára rẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun kọ́ ni ó fi í síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kì í sún mọ́ àgò yìí, nítorí irun ehoro máa ń mú un sín. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbọ́ ìró ayùn láti ṣọ́ọ̀bù tí ó wà níwájú ilé. Ó kó koríko náà tigi-tigi, ó jù ú sí òdì kejì ògiri, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láràárọ̀ láti bí oṣù mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni ó mú bisikíìtì mẹ́ta jáde nínú báàgì rẹ̀, ó rún wọn sínú mílíìkì, ó gbé e síwájú Òwú.

"Jẹ èyí, ọmọ mi," ni ó wí. "Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n pa ẹ́."

Tẹlẹ̀ kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní kíláàsì, lọ́dún tí ó tú àṣírí ọmọ tí ó ń jí ṣọ́ọ̀kì tíṣà, tí ó fi ìyẹ̀fun funfun tí ó wà létí àpò ọmọ náà mú un ṣinkún. Orúkọ náà gùn jù, ni wọ́n bá gé e kù sí Tẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni orí rẹ̀ ti wú. Bí abọ́ bá fọ́, yóò wá ẹni tí ó fọ́ ọ. Bí ènìyàn méjì bá rẹ́rìn-ín, àfi kí ó mọ ohun tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ ẹ̀rí sí, kò sì sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò lè wọ inú ìwé náà, àfi òun tìkára rẹ̀.

Bàbá rẹ̀, tí ó jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù, ni ó gbé Òwú wálé nínú páálí bàtà, nígbà tí ehoro náà kò tíì tóbi ju ìkúùkù lọ. Pápá wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń gbé nígbà náà, Òwú a sì máa jẹko níbẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Sunday nìkan ni bàbá máa ń fún un ní bisikíìtì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni jàǹbá ọkọ̀ gba ẹ̀mí bàbá. Ọdún méjì kọjá, ìyá Tẹlẹ̀, tí ó ń ránṣọ, fẹ́ Káfíńtà, wọ́n sì kó lọ sí ilé rẹ̀, níbi tí sìmẹ́ńtì bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé láti ògiri dé ògiri. Kò sí ewé kan níbẹ̀ tí ehoro lè fi ẹnu kàn. Báyìí ni bisikíìtì Sunday ṣe di bisikíìtì ojoojúmọ́, búrẹ́dì sì tẹ̀ lé e. Òwú nìkan ni ó kù tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti kàn, Tẹlẹ̀ sì gbà pé bí oúnjẹ bá ṣe dùn tó ni ìfẹ́ ṣe pọ̀ tó.

Ká sọ tòótọ́, Káfíńtà kò ṣẹ̀ ẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu ọkùnrin náà, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ sì ni ó máa ń rọrùn jù lọ láti fura sí. Ìyá Tẹlẹ̀ fẹ́ kí ó máa pè é ní Dádì. Tẹlẹ̀ kì í pè é ní nǹkan kan. "Ẹ káàárọ̀ sà" ni, "Ẹ kú iṣẹ́ sà" ni, ibẹ̀ ló parí sí. Bí wọ́n bá ní kí ó lọ pè é wá jẹun, yóò rìn títí yóò fi dé iwájú rẹ̀ gan-an, kí ó má baà di pé ó ń wá orúkọ tí yóò fi pè é láti òkèèrè.

Lọ́jọ́ náà, ní àkókò ìsinmi, ó ṣí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó. Rédíò ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ náà, nítorí pé ìròyìn kì í sùn nínú rẹ̀. Rédíò kà á sókè. Àkọ́kọ́, Káfíńtà ti gbé àgò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù lọ sí ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé, ó ní eruku igi kò dára fún ojú ehoro. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní bisikíìtì ti pọ̀ jù, pé koríko ni kí Òwú máa jẹ. Kò sì pẹ́ sí i tí koríko àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú àgò láràárọ̀. Ojú Òwú wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣepin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, Tẹlẹ̀ bá Káfíńtà níwájú àgò, ó fi ọwọ́ kan ya ẹnu Òwú, tọ́ọ̀ṣì wà ní ọwọ́ kejì, ẹ̀mú tí ó fi ń fa ìṣó sì yọ orí jáde nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni ohun tí Tẹlẹ̀ gbọ́ tí ó ń sọ fún ìyá rẹ̀ ní àná: "Bí ehoro yìí bá ń bá a lọ báyìí, kò ní í pẹ́ kú."

Rédíò pa ìwé náà dé. Ó ní ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀, pé ọkọ ìyá kì í fẹ́ rí ohun tí bàbá ọmọ fi sílẹ̀, àti pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó ní kí Tẹlẹ̀ má tíì pariwo. Kí ó gbé Òwú wá sí yàrá ẹrù ilé tàwọn, kí ó sì sọ fún àwọn ará ilé pé ehoro ti sọnù. Kí ó wá máa wo ojú Káfíńtà.

"Tínú ẹ̀ bá dùn, o ti mú un nìyẹn," ni Rédíò sọ. "Ìfura loògùn àgbà."

Tẹlẹ̀ rò ó. Kò tíì parọ́ tó tó báyìí fún ìyá rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó rántí ẹ̀mú inú àpò yẹn. Nígbà tí wọ́n jáde ilé-ìwé, ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó gbé Òwú sínú páálí, ó di búrẹ́dì àti bisikíìtì tì í, ó sì gbé e gba ojú ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí ilé Rédíò. Ehoro náà fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju bí ó ti mọ̀ ọ́n lọ. Ó fi èyí náà sínú ẹ̀rí tí ó ń kó jọ.

Nígbà tí ó padà délé, ó ké wọlé pé òun kò rí Òwú mọ́. Ìyá rẹ̀ ju aṣọ tí ó ń rán sílẹ̀, ó fọwọ́ lé orí. Káfíńtà wà nídìí ilẹ̀kùn oníbàárà kan tí ó ń fá. Ó dáwọ́ dúró. Tẹlẹ̀ tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí ó ń wo àwòrán, ó ń retí ẹ̀rín, ó kéré tán kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mì díẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà bi í.

"Ṣé ó ti jẹun lónìí?"

Ìbéèrè wo nìyẹn? Tẹlẹ̀ ní ó jẹ díẹ̀. Káfíńtà gbé irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó fi ilẹ̀kùn oníbàárà sílẹ̀ láìfá tán, ó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó sì jáde. Tẹlẹ̀ ń tẹ̀ lé e lókèèrè, ó ń fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n páàkì. Ó rí i bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ wo inú gọ́tà. Ó rí i bí ó ti dúró lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, tí ó ń fi ọwọ́ júwe bí etí Òwú ṣe gùn tó. Lẹ́yìn náà ni ó dé ẹ̀gbẹ́ pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó yọ ọ̀bẹ, ó gé koríko, ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dì í. Ìdì kan náà ni, okùn kan náà ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri àdúgbò, ó ń mi koríko lọ́wọ́, ó ń pe, "Òwú! Òwú!" Àwọn ọmọdé tí ń gbá bọ́ọ̀lù fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń sín in jẹ. Ó ń bá ìpè rẹ̀ lọ.

Ọkàn Tẹlẹ̀ gún un díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣòro fún ìfura tí ó ti ta gbòǹgbò láti rí oúnjẹ jẹ. Ó ní bóyá ọkùnrin náà ti rí òun ni, tí ó ń ṣe é kí òun lè rò pé èèyàn dáadáa ni. Tàbí pé ó ń wá Òwú kí ó lè parí iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Káfíńtà wọlé pẹ̀lú koríko tí ó ti rọ, ó gbé e sínú àgò òfìfo, ó ní bóyá ehoro náà yóò padà wá fúnra rẹ̀. Tẹlẹ̀ kọ ìyẹn náà sínú ìwé, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí yóò kọ sí iwájú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí ó jẹ́ Saturday, Rédíò wá bá a ní ẹnu ọ̀nà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó kàn ní kí ó tètè máa bọ̀.

Òwú wà ní kọ̀rọ̀ páálí, ó ká ara rẹ̀ jọ. Búrẹ́dì kò dín, bisikíìtì kò yingin. Itọ́ ti rin àgbọ̀n rẹ̀ àti irun àyà rẹ̀ gbindin. Kò sí ìgbẹ́ roboto-roboto tí ó máa ń kún ilẹ̀ àgò. Ojú òsì rẹ̀ ti wú síta, nígbà tí Tẹlẹ̀ sì gbé e mọ́ra, ó gbọ́ ìró kan lẹ́nu rẹ̀, ìró eyín tí ó ń họ ara wọn, bí ẹni tí ń fi ìrora pa eyín pọ̀.

Tẹlẹ̀ wo yàrá ẹrù náà yíká. Kò sí Káfíńtà níbí. Koríko rẹ̀ kò dé ibí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mú rẹ̀ kò dé ibí. Ohun tí òun gan-an fún Òwú nìkan ni ó wà níwájú rẹ̀, síbẹ̀ Òwú ń kú lọ. Gbogbo ẹ̀rí inú ìwé rẹ̀ dàrú mọ́ ọn lójú.

"Jọ̀ọ́, má dárúkọ mi o," ni Rédíò wí.

Tẹlẹ̀ pa páálí dé. Ó gbé páálí náà, ó sáré wálé. Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí ó ti tún lọ wá ehoro dé, bàtà rẹ̀ kún fún eruku, ó jókòó sórí àpótí, ó ń mu omi. Tẹlẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó gbé páálí kalẹ̀.

"Kò sọnù," ni ó wí. "Èmi ni mo gbé e pamọ́. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń pa á. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó fẹ́ kú."

Ọkùnrin náà dìde. Ó gbé ife omi sílẹ̀, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó rọra ṣí ètè Òwú. Eyín iwájú ehoro náà ti gùn, wọ́n ti wọ́ kọjá ara wọn. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó gbé páálí, kí àwọn máa lọ.

Obìnrin kan ni dókítà ẹran tí ó wà lẹ́bàá òpópónà, ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi aṣọ ìnura di Òwú bí ọmọ ìkókó, ó ki irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ní iná lórí sí i lẹ́nu, ó sì ní kí Tẹlẹ̀ wá wò ó. Eyín inú lọ́hùn-ún ti yọ ẹnu ṣóńṣó-ṣóńṣó, wọ́n ti ya ahọ́n ẹran náà. Ó ní ìdí nìyẹn tí kò fi lè jẹun, tí itọ́ fi ń dà lẹ́nu rẹ̀.

"Eyín ehoro kì í sinmi," ni dókítà sọ. "Títí tó fi máa kú ló ń gùn. Koríko tó bá ń rún látàárọ̀ dalẹ́, àti igi tó bá ń họ, ló máa ń lọ̀ ọ́ kù. Tí kò bá rí i rún, eyín á máa gùn sókè, á máa gùn sísàlẹ̀, títí kan gbòǹgbò. Gbòǹgbò ti òkè ló dí ojú ọ̀nà tí omijé ń gbà lọ sí imú. Ibẹ̀ ni ipin yẹn ti ń wá. Ẹ̀gbin ti wá kó sẹ́yìn ojú."

Káfíńtà béèrè, ní ohùn kékeré, bóyá ó yẹ kí òun ti gé eyín iwájú náà, nítorí òun mú ẹ̀mú lọ́jọ́ kan, àmọ́ ẹ̀rù ba òun. Dókítà ní ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀rù náà. Ó ní ẹ̀mú ìbá ti la eyín náà dé gbòǹgbò. Ó wá yíjú sí àwọn méjèèjì, ó béèrè ohun tí ehoro yìí ń jẹ.

"Bisikíìtì," ni Tẹlẹ̀ wí. "Àti búrẹ́dì inú mílíìkì."

"Koríko ńkọ́? Ẹ kì í fún un ní koríko rárá?"

Káfíńtà ń wo ilẹ̀. Ó hàn sí Tẹlẹ̀ kedere pé bí wọ́n bá jókòó síbẹ̀ di ọ̀la, ọkùnrin yìí kò ní sọ ọ́, yóò gba ẹ̀bi náà bí ẹni gba ẹrù lórí ọmọ.

"Wọ́n ń fún un," ni ó wí. "Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ gé e wá. Èmi ni mo ń dà á nù."

Dókítà kò bá a wí. Ó kàn sọ fún wọn pé òun yóò fi oògùn mú Òwú sùn, òun yóò fá eyín náà kù, òun yóò sì fọ ojú ọ̀nà omijé. Ó ní oorun oògùn máa ń le fún ehoro, pàápàá èyí tí kò jẹun. Ó lè má jí. Ó ní ti Tẹlẹ̀ ni láti sọ bóyá kí òun ṣe é. Tẹlẹ̀ wo Káfíńtà. Káfíńtà ní ẹran rẹ̀ ni, ohun tí ó bá sọ ni àwọn yóò ṣe. Tẹlẹ̀ ní kí wọ́n ṣe é.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì níta yàrá náà. Ìyá Tẹlẹ̀ bá wọn níbẹ̀, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu Rédíò lójú ọ̀nà, nítorí pé àṣírí kò lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ nínú ọmọ náà. Inú bí i púpọ̀.

"Ó ti tó oṣù kan tí dádì ẹ ti fẹ́ gbé e wá síbí," ni ó wí. "Èmi ni mo ní kó kàn gbé e. Ó ní rárá, pé bàbá ẹ ló fún ẹ, òun ò lè fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé o gbà. Ó ní òun máa dúró dìgbà tó o bá lè bá òun sọ̀rọ̀."

Tẹlẹ̀ sunkún níbẹ̀, kò sì fi ojú pamọ́. Ó bi Káfíńtà pé kí ló dé tí kò sọ fún òun. Ọkùnrin náà ń yọ ìrẹ́ igi tí ó lẹ̀ mọ́ apá aṣọ rẹ̀.

"Mo sọ lẹ́ẹ̀kan," ni ó wí. "Bó o ṣe wò mí lọ́jọ́ náà, mo dákẹ́. Kò yẹ kí n dákẹ́. Ó yẹ kí n tún un sọ."

Òwú jí. Ọ̀sán ti ń lọ kí dókítà tó jáde wá sọ fún wọn, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ nìkan ni ó mú wá. Ẹnu ti dára, ehoro náà yóò jẹun. Ṣùgbọ́n ojú òsì kò ní ríran mọ́. Ká ní wọ́n gbé e wá ní oṣù kan sẹ́yìn ni, ó ní, ìbá ṣeé gbà là. Kò sí ẹni nínú wọn tí kò mọ ohun tí ó fi oṣù kan yẹn ṣòfò.

Láti ìgbà náà, Tẹlẹ̀ àti Káfíńtà ni wọ́n jọ ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá láàárọ̀, ọ̀kan ń gé, èkejì ń dì. Òwú ń rún koríko kárakára láti òwúrọ̀ di alẹ́, wọ́n sì ń gbé e lọ kí dókítà wo eyín rẹ̀ lóṣooṣù. Bí ó bá fẹ́ wo nǹkan, yóò yí orí pátápátá kí ojú ọ̀tún lè bá a. Nígbàkígbà tí ó bá yí orí bẹ́ẹ̀, ó máa ń dun Tẹlẹ̀.

Kò sun ìwé ẹ̀rí rẹ̀ níná. Ó ṣí i sí ojú ewé tí ó kẹ́yìn, níbi tí ó ti máa ń kọ orúkọ ọ̀daràn, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an, kì í ṣe Tẹlẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ó kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kan sí: Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òun kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí ó tó dá tirẹ̀. Lóòótọ́ ni pé ìfura loògùn àgbà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n oògùn ní ìwọ̀n. Ẹni tí ó bá fura sí ẹnìkejì rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ la ẹnu bi í léèrè, kí ó sì yẹ ọwọ́ ara rẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí ohun tí a fi ìfẹ́ ṣe láìní ìmọ̀ lè ṣeni léṣe bí ohun tí a fi ìkà ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ ní oúnjẹ ti jinná, kí ó lọ pe ẹni tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù wá. Ṣọ́ọ̀bù wà níwájú ilé lọ́hùn-ún, ayùn sì ń dún níbẹ̀. Tẹlẹ̀ ń nu ojú Òwú lọ́wọ́. Kò dìde, kò rìn lọ dúró síwájú ẹnì kankan. Ó gbé ohùn sókè láti ibi tí ó jókòó sí.

"Dádì, oúnjẹ ti dé o."

Ayùn dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni Káfíńtà dáhùn pé òun ń bọ̀.